Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Darí Àjọṣepọ̀ Yunifásítì àti Ilé-iṣẹ́: Ẹ Ṣí Ilẹ̀kùn Tí Ẹ Ní Ẹ Ti Ṣí

Sí ẹ̀yin gíwá yunifásítì, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọṣepọ̀ wa lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjìnlẹ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó.

Ìwé àdéhùn tuntun tí ẹ fọwọ́ sí ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ nínú láàbù. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ìwádìí tí a ó jọ máa ṣe yóò ṣí sílẹ̀, pé gbogbo ẹni tó bá lè lò ó ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tí a kà á dé àárín, ohun mẹ́ta la bá níbẹ̀. Èkíní, ohunkóhun tí a bá rí kò gbọdọ̀ jáde fún oṣù 24 gbáko. Èkejì, ilé-iṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ lórí gbogbo rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kankan tó gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìwé ìpamọ́ àṣírí kan náà tí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù ń tọwọ́ bọ̀.

Olùwádìí ni mí. Bátìrì ni iṣẹ́ mi, èmi ni mo sì ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé yìí kàn sọ́nà. Mi ò bínú sí ilé-iṣẹ́ kankan. Owó wọn ló ra iná ìleru tí a fi ń sun èròjà wa, àwọn ẹnjiníà wọn ló sì kọ́ mi ní ohun púpọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba torí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí yóò kàn jù lọ kò ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ìdí tí a fi wá ara wa lọ. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjìnlẹ̀ yàtọ̀ sí áàpù orí fóònù. Ẹni tó fẹ́ ṣe áàpù mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá àwọn ènìyàn yóò rà á. Bátìrì tuntun, ṣíìpù tuntun, kọ̀ǹpútà quantum, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àbùdá ara: nínú àwọn wọ̀nyí, a kì í mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ ṣeé ṣe rárá. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, ọdún 15 lè kọjá, kí ohun tí a rí nínú ìgò kékeré tó di ohun tí ilé-iṣẹ́ lè máa ṣe jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 2005, Katalin Karikó àti Drew Weissman ti yunifásítì Pennsylvania tẹ àbájáde pàtàkì kan jáde lórí mRNA, èròjà inú ara tó ń gbé àṣẹ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe jáde. 2020 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID-19 tí wọ́n gbé ka orí ìmọ̀ yẹn tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà, ẹ̀bùn Nobel sì dé bá àwọn méjèèjì ní 2023. Yunifásítì nìkan kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, torí kò ní ẹ̀rọ ńlá, kò sì mọ ọjà. Ilé-iṣẹ́ nìkan kò lè gbé e, torí àwọn tó fowó sí i kò ní dúró fún ọdún 15 kó máa wá ohun tó lè má sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Ìdí tí a fi jọ wà nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó bàjẹ́.

Àwọn ohun tó ń dùn wá nínú ìwé náà rèé, àti ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Oṣù 24 ti pọ̀ jù.

Mo mọ ìdí tó fi yẹ kí a pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní Yúróòpù, bí ènìyàn bá ti sọ ohun tó rí ní gbangba kó tó lọ fi ìwé sílẹ̀ fún páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún oníhùmọ̀ lórí ohun tó hùmọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọn kò ní ka ohun náà sí tuntun mọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin fún oníhùmọ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ronú ọjà àgbáyé kò ní gbára lé ìyẹn. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ bá ní kí a dúró kí lọ́yà rẹ̀ ka iṣẹ́ wa, kó sì fi ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì páténtì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ìwé yẹn kì í gba ọdún méjì láti kọ. Ní 1999, NIH, àjọ tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ọjọ́ 30 sí 60 ló bójú mu kí a fi dá ìtẹ̀jáde dúró. Kí wá ni ẹ fẹ́ fi ọjọ́ 670 tó kù ṣe?

Mo bi aṣojú ilé-iṣẹ́ kan ní ìbéèrè yìí. Ó ní kí àwọn tí wọ́n ń bá wọn díje má baà mọ ibi tí a dojú kọ ni. Mo gbọ́ ọ yé, ó sì dá mi lójú pé òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ. Ohun tí kò rò ni iye tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń ná òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti inú iṣẹ́ tèmi. Bátìrì tí a kọ́kọ́ fi ń dán èròjà tuntun wò nínú láàbù kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ó rọrùn láti bu electrolyte, omi tí agbára iná ń gbà kọjá nínú bátìrì, sínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì rọrùn láti fi lithium, irin tó ń gbé agbára inú bátìrì, kún un ju ohun tó nílò lọ. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ní kú láé. Ìlà tó ń yà lórí kọ̀ǹpútà yóò gún régé, inú gbogbo wa yóò sì dùn. Bí a bá wá gbé èròjà kan náà lọ sínú bátìrì ọkọ̀, níbi tí omi inú rẹ̀ mọ níwọ̀n tí ohun gbogbo sì fún mọ́ra, ó lè má pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Ojú ẹlòmíràn, ní láàbù mìíràn, ló sábà máa ń rí irú àléébù yìí: yóò ka iṣẹ́ wa, yóò tún un ṣe, yóò sì kọ̀wé sí wa pé òun kò rí ohun tí a rí. Ẹni tó bá ti àbájáde mọ́lé fún oṣù 24 ti àṣìṣe inú rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú, owó ilé-iṣẹ́ yín ni yóò sì máa jó lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àbájáde kò bá tẹ́ ẹni tó sanwó lọ́rùn. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Betty Dong ti yunifásítì California ní San Francisco bá ilé-iṣẹ́ oògùn Boots ṣe àdéhùn pé òun yóò fi Synthroid, oògùn àìsàn thyroid tí wọ́n ń tà, wé irú rẹ̀ mìíràn tí owó wọn kéré. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tó ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ parí ní 1990. Ó fi hàn pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn oògùn wọ̀nyí ń ṣe nínú ara. Ilé-iṣẹ́ kò fọwọ́ sí i. Ní 1995, nígbà tí JAMA, jọ́nà àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ti gbà láti tẹ̀ ẹ́, yunifásítì sọ fún àwọn olùwádìí náà pé bí ilé-iṣẹ́ náà bá pè wọ́n lẹ́jọ́, yunifásítì kò ní gbèjà wọn. Àwọn olùwádìí náà gba iṣẹ́ wọn padà lọ́wọ́ JAMA. Oṣù kẹrin ọdún 1997 ló tó jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ síbẹ̀ pé bí àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà bá lè máa lo èyí tí owó rẹ̀ kéré, wọn yóò máa fi nǹkan bí mílíọ̀nù $356 pamọ́ lọ́dọọdún. Ọdún méje ni gbólóhùn kan ṣoṣo fi dí ìyẹn lọ́nà.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin náà ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbólóhùn tí ẹ kọ sínú àdéhùn yìí lágbára láti ṣe ohun kan náà, ẹ̀yin sì kọ́ ni ẹ ó máa wà lórí àga títí láé. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn yín ni yóò lò ó.

Ohun tí a fẹ́: kí ó di ọjọ́ 60 láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá gba ẹ̀dà iṣẹ́, àti ọjọ́ 30 sí i bí lọ́yà bá ń kọ ìwé páténtì lọ́wọ́. Bí ọjọ́ bá ti pé, a ó tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣírí tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá fún wa, irú bí ìwọ̀n èròjà tí wọ́n ń lò nínú ọjà tiwọn, ẹ máa yọ ọ́ kúrò. A kò bá yín du ìyẹn.

2. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, tí irú àdéhùn báyìí mú. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tó fẹ́ gbèjà ìwé oyè rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ìwé ìpamọ́ àṣírí sí iwájú olùdánwò kọ̀ọ̀kan, bírò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó lè bi í ní ìbéèrè. Bàbá àti ìyá rẹ̀ tí wọ́n rìn wá láti ọ̀nà jíjìn jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ títí ó fi parí, torí orúkọ wọn kò sí nínú àwọn tó lè wọlé. Nínú ẹ̀dà tó wà ní láíbìrì yunifásítì náà, orí kẹrin dúdú kirimu láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ojú ìwé nìkan ni wọn kò pa rẹ́. Orí kẹrin yẹn sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó ń wáṣẹ́, wọ́n bi í pé kí ló ṣe fún ọdún mẹ́rin. Kò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀, kó tó gboyè ni ilé-iṣẹ́ tó ni àṣírí náà ti pa iṣẹ́ yẹn tì, tí wọ́n sì ti tú àwọn tó ń ṣe é ká. Wọ́n ń ṣọ́ ohun tí àwọn fúnra wọn kò fẹ́ mọ́.

Kò sí owó ìrànwọ́ tó lè dí ohun tí ọmọ yẹn pàdánù. Ohun tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá sí yunifásítì ni kí ó lè sọ pé: ohun tí mo rí rèé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ fẹ́ gbà síṣẹ́ lọ́la ni ẹ fẹ́ fi ìwé yìí pa lẹ́nu mọ́ lónìí.

Ohun tí a fẹ́: kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tọwọ́ bọ ìwé àṣírí kankan lórí iṣẹ́ tí yóò fi gboyè. Kí ìwé oyè wà ní gbangba, kí ìgbèjà rẹ̀ wà ní gbangba. Bí apá kan iṣẹ́ bá wà tí kò ṣeé sọ rárá, ẹ gba òṣìṣẹ́ tí ẹ ó máa sanwó oṣù fún láti ṣe é.

3. Ẹni tó bá gba ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ lò ó.

Ọdún 20 ni páténtì ń lò láti ọjọ́ tí a bá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá gba ẹ̀tọ́ àṣelò nìkan lórí iṣẹ́ wa, tó sì gbé e sínú àpótí, kò sí ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kàn án fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún yẹn. Ìgbà mìíràn wà tí ilé-iṣẹ́ kàn gba ẹ̀tọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i gbà. Ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí ète búburú kankan: ọ̀gá tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà fi ipò sílẹ̀, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀, iṣẹ́ sì kú síbẹ̀. Ìwé yín kò ní oògùn fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bátìrì tó wà nínú fóònù tí púpọ̀ nínú yín yóò fi ka lẹ́tà yìí ní ìtàn tó yẹ kí ìgbìmọ̀ yín mọ̀. Ní 1980, John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Oxford kọ ọ́ sínú jọ́nà pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lithium cobalt oxide lè gbé agbára ńlá nínú bátìrì. Oxford kò fẹ́ náwó sórí páténtì rẹ̀. Ilé ìwádìí agbára átọ́míìkì tí ìjọba Britain ní ní Harwell ló gbà á. Ní Japan, Akira Yoshino ti ilé-iṣẹ́ Asahi Kasei ń wá ohun tí yóò bá èròjà oníkábọ́ọ̀nù tirẹ̀ mu. Ní òpin 1982, ó ka ìwé Goodenough. Ohun tó ń wá ló rí níbẹ̀. Nígbà tó di 1985, ó ti so méjèèjì pọ̀, Sony sì gbé bátìrì lithium-ion dé ọjà ní 1991. Goodenough, Yoshino àti Stanley Whittingham jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, nígbà tí Goodenough ti di ẹni ọdún 97.

Yunifásítì tí wọ́n ti rí i kò mọ iye rẹ̀. Ẹni tó mọ iye rẹ̀ wà ní apá kejì ayé, nínú ilé-iṣẹ́ tí kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú Oxford, ó sì rí i torí pé ó wà nínú jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹ wá gbé ìwé tí ẹ fọwọ́ sí yìí lé ìtàn yẹn lórí. Ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Oxford ì bá ti gba ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́, kì bá sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Kí ni Yoshino ì bá kà?

Amẹ́ríkà náà ti ronú lórí ewu yìí. Òfin Bayh-Dole ti 1980, tó jẹ́ kí yunifásítì lè ní páténtì lórí ìwádìí tí owó ìjọba ṣe, kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹni tó gba ẹ̀tọ́ kò bá gbé ìgbésẹ̀ láti lò ó, ìjọba lè fi ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn. Àwọn tó kọ òfin tó fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ jù lọ rí i pé irú ìdè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Ohun tí a fẹ́: kí ilé-iṣẹ́ tó bá gba ẹ̀tọ́ kọ ètò ìlò rẹ̀ sílẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà. Bí ọdún mẹ́ta bá pé láìsí iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí, kí ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ yunifásítì láìsí ẹjọ́. Kí ẹ̀tọ́ àṣelò nìkan má sì kọjá ẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: ẹni tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ kò nílò ẹ̀tọ́ lórí bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

4. Ìpìlẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ kò dí èrè lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ báyìí: pé olùkọ́ ni èyí, kò mọ bí ọjà ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu àwọn oníṣòwò fúnra wọn dá yín lóhùn.

Ní 1987, ilé-iṣẹ́ 14 tó ń ṣe ṣíìpù ní Amẹ́ríkà, tí Intel, IBM àti Texas Instruments wà lára wọn, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìjọba, wọ́n dá SEMATECH sílẹ̀. Ọ̀tá ara wọn ni wọ́n lọ́jà. Síbẹ̀ wọ́n rí i pé ẹ̀rọ àti ọgbọ́n ìṣelọ́pọ̀ tí gbogbo wọn nílò ti pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìwádìí ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní imec wà ní Leuven láti 1984, ó sún mọ́ yunifásítì ibẹ̀ tímọ́tímọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ṣíìpù tó tóbi jù láyé a máa rán àwọn ẹnjiníà wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ tí kò tíì dé ọjà. Wọ́n jọ ń kọ́ ìpìlẹ̀, oníkálukú sì ń lọ kọ́ ilé tirẹ̀ lé e lórí.

RISC-V ni èyí tó wù mí jù. Ní 2010, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì California ní Berkeley nílò èdè àṣẹ tí ṣíìpù fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọn kò ní san owó lé lórí, tí wọn kò sì ní tọrọ àyè kí wọ́n tó yí i padà. Wọ́n kọ tiwọn, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní 2015, àjọ kan ti wà tó ń bójú tó o, ó sì kó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sí Switzerland ní 2020 kí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo má baà lè dì í mú. Lónìí, Nvidia wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi sínú ohun tí wọ́n ń tà. Kò sí èyí tó di aláìní nínú wọn torí pé èdè náà ṣí sílẹ̀. Owó tí wọ́n ì bá san fún ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ṣíìpù tó dára sí i.

Nínú iṣẹ́ oògùn, àpẹẹrẹ wà tó ju èyí lọ. Structural Genomics Consortium, àjọ àwọn olùwádìí tí yunifásítì Oxford àti ti Toronto jẹ́ òpó rẹ̀, pinnu pé àwọn kò ní gba páténtì lórí ohunkóhun tí àwọn bá rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá bíi GSK, Pfizer àti Bayer fowó sí i pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn. Ní 2010, wọ́n pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ ní Dana-Farber ní Boston láti tẹ iṣẹ́ jáde lórí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní JQ1, wọ́n sì ń fi èròjà náà ránṣẹ́ sí láàbù tó bá béèrè, láìgba kọ́bọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn tiwọn kalẹ̀ lọ́nà tí JQ1 là, tí wọ́n sì ń dán wọn wò lára aláìsàn. Ìdíje wá pọ̀ sí i.

AlphaFold náà nìyẹn, ètò kọ̀ǹpútà DeepMind, ilé-iṣẹ́ Google, tó ń sọ bí purotéènì, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ṣe rí, tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ẹ rántí ohun tó jẹ. Láti 1971 ni àwọn olùwádìí káàkiri ayé ti ń kó àwòrán purotéènì tí wọ́n bá rí sínú Protein Data Bank, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Èyí ni DeepMind fi kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nígbà tó sì di 2022, àwọn náà ti gbé àwòrán tó lé ní mílíọ̀nù 200 síta fún gbogbo ènìyàn. Bí láàbù kọ̀ọ̀kan bá ti ti iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lé láti 1971, kò ní sí ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn yóò kọ́.

Ohun tí a fẹ́: kí ẹ pín iṣẹ́ sí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìpìlẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìdánwò, dátà, àti ohun tó kùnà, kí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ àjọṣepọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ohun tó sún mọ́ ọjà, kí ilé-iṣẹ́ máa ṣe é fúnra rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Mo mẹ́nu kan ohun tó kùnà torí òun ni ó ń ṣòfò jù: láàbù mélòó ló ń tún àṣìṣe kan náà ṣe lónìí nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn?

5. Ẹ̀bi yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní tọ́ bí mo bá di ẹ̀bi gbogbo lé ilé-iṣẹ́ lórí. Ẹ̀yin gíwá, ọ́fíìsì yín tó ń bójú tó páténtì àti àdéhùn máa ń wo ohun gbogbo tí a bá rí bíi wúrà. Wọ́n lè fi oṣù lé oṣù bá ilé-iṣẹ́ kékeré jiyàn lórí ìpín nínú ohun tí kò tíì sí. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí iṣẹ́ tó ṣe, ẹ ń béèrè ìpín tó pọ̀ débi pé àwọn olùdókòwò yóò sá. Nígbà tí ìjọba Britain ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ìgbìmọ̀ tí Irene Tracey àti Andrew Williamson darí dáhùn ní 2023 pé kí ìpín yunifásítì wà láàrin ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera, kó má sì kọjá ìdá 10 fún irú iṣẹ́ sọ́fítíwíà. Ẹ fi èyí wé ohun tí ẹ ń béèrè.

Ẹ ò sì ní láti máa kọ àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Láti 2005 ni Britain ti ní àwọn ìwé àdéhùn Lambert, tí yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ jọ kọ, tó sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà pín ẹ̀tọ́. Ẹ mú èyí tó bá iṣẹ́ mu, ẹ fi orúkọ sí i, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

6. Ẹ fi ìwé náà hàn.

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Àjọṣepọ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní ṣíṣí kò gbọdọ̀ ní ìwé àdéhùn tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ kò rí títí wọ́n fi fọwọ́ sí i tán. Ẹ gbé e síta. Ẹ lè yọ iye owó kúrò.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kí iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ dá ìwé yìí dúró. Ẹ pe ìpàdé tí aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé méjì, aṣojú àwọn olùwádìí, àti aṣojú àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré yóò ti ní ìbò, kì í ṣe ìjókòó lásán. Kí ẹ ka ìpínrọ̀ tó sọ nípa oṣù 24, ti ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ sókè níbẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí a sì dìbò lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé àṣírí náà fún kí ìpàdé yẹn tó wáyé, mo ti sọ fún un pé kó má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú, èmi ni kí ó bá wí. Kí ó má fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ náà.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Olùwádìí bátìrì kan tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé sọ́nà nínú àjọṣepọ̀ yín